Wákàtí Kan Tí Batoul Fi Pamọ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́bí, kí èjìká kan èjìká. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé, kó ti ilẹ̀kùn, nítorí atẹ́gùn òkun ìlú Safi yìí kì í bá ènìyàn ṣeré nírọ̀lẹ́. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi. Orúnkún yìí ti sin ilé ìwòsàn fún ọdún mọ́kànlélógún, ó ti tó ohun tí à ń nà gbọọrọ lórí ẹní. Ìtàn owú ni mo fẹ́ sọ. Ó ṣojú mi kòrókòró, ọbẹ̀ mi sì wà lórí iná nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Èmi ni Izza. Ìyá Izza ni wọ́n ń pè mí ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lókè àwọn amọ̀kòkò. Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí mo fi mọ orúkọ ara mi àti nọ́ńbà ara bọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilé ni ilé ìdáná mi wà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàrin èmi àti yàrá tútù, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwòsàn ń gbé. Wọ́n tò wọ́n lé ara wọn lórí bí àwo búrẹ́dì nínú ààrò àdúgbò, iná kéékèèké ń ṣẹ́jú lára wọn. Inú wọn ni orúkọ gbogbo aláìsàn wà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn wọn àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Bí àwọn ẹ̀rọ yẹn bá wúkọ́, gbogbo ilé ìwòsàn ló wúkọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹnìkan fi gbọ́dọ̀ máa jókòó tì wọ́n, kó máa wo èyí tó gbóná, èyí tó yó jù, èyí tó fẹ́ sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Batoul fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ó ga, ó gbẹ, ó máa ń so ìborùn mọ́rí bí ẹni tó fẹ́ lọ jà, kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ á sì ti máa kí yín kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Tó bá wọ yàrá tútù ní àárọ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, èyí tó ń ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sí ìpamọ́ kí wọ́n má baà ṣòfò, Hajja ni ó sọ ọ́. Èmi á sì máa kọrin sí i láti ẹ̀yìn ògiri:

*Hajja jí àbí kò jí?*
*Ó jí o, ó ń mí.*
*Ta ló fọwọ́ kàn án níwájú orí?*
*Batoul ni, Batoul ni.*

Á rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí ààwẹ̀ wọlé ni Ikram dé láti Rabat, olú ìlú, láti wá bá Batoul ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó kéré, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbé ojú tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́ ara ògiri. Gbogbo ẹ̀rọ wà níbẹ̀ nínú àpótí kéékèèké. Tí àpótí bá ní àwọ̀ ewé, ara ẹ̀rọ yẹn le. Tó bá pọ́n bí ọsàn, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Tó bá pupa, ó fẹ́ ṣubú, yóò sì ké jáde nínú fóònù Ikram níbikíbi tí ó bá wà. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó bí ìgbà tí wọ́n ń wo ìyàwó tuntun. Si Lahoucine, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ń mú àlejò wá. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lókè fún ọdún mẹ́wàá tí kò mọ̀ pé abẹ́ ilé wà, òun náà wá.

Batoul á wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hajja, kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn wo bí ó ti wà.

Lọ́jọ́ kan ó wọ ilé ìdáná mi, ó jókòó gbà.

"Ìyá Izza, ẹ mọ iye ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lónìí?"

"Orúkọ ta?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Nínú ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí n sọ ibi tí Ikram wà."

"Ìwọ tó ń kà á yìí, ìgbà wo lo ráyè ṣiṣẹ́?"

"Kí ni iṣẹ́ tó kù? Ògiri ń ṣe é."

Ó mu tíì mi, ó ní ṣúgà rẹ̀ kò tó. Mo fi kún un. Ó ní ó ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tíì ló ń bá jà.

Ohun tó tún ń dùn ún jù ni pé Ikram kò bá a ṣe ọ̀tá. Tó bá dé láàárọ̀, á tẹrí ba, á fi Lalla tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin ṣíwájú orúkọ rẹ̀, á ní, "Lalla Batoul, ẹ kú àárọ̀, ẹ wá kọ́ mi ní nǹkan lónìí." Tó bá ra èso ní ọjà, á ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Batoul á gba èso náà, á wá jẹ ẹ́ ní ilé ìdáná mi bí ẹni tó ń jẹ ewúro.

"Ẹ wo bí ó ṣe ń fi ọ̀yàyà bò mí mọ́lẹ̀," ó ní. "Tó bá jẹ́ pé ó ń rí mi fín, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe sí i."

N kò ní í purọ́ fún yín, èmi náà mọ̀ bí nǹkan yẹn ṣe ń ta. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ikram mu hàrírà mi, ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹran, ó lá ṣíbí, ó ní ó jọ ti ìyá òun gan-an, àfi pé ìyá òun máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn náà, orí ìkòkò ni mo ti ń bù fún un, omi lásán, kò rí ẹran, kò rí ẹ̀wà. Nítorí náà, ẹ má dá Batoul lẹ́jọ́ tán kí n tó parí.

Si Lahoucine ló wá da epo sí iná náà. Ó pe àwọn méjèèjì, ó ní yàrá ìṣọ́ ẹ̀rọ nílò olórí kan, ọ̀kan nínú wọn ni yóò sì jẹ́. Ó ní òun yóò sọ orúkọ ẹni náà ní ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, níbi ìṣínu. Ẹ mọ àṣà wa: ní ọjọ́ kìíní, gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yẹn, àti dókítà àti ẹni tó ń gbálẹ̀, nínú ilé ìdáná mi ni wọ́n ti ń ṣínu pọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Batoul kò sùn dáadáa mọ́. Àga olórí kò ju àga lọ, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún mẹ́rìnlá jókòó tì í láìsí ẹni tó sọ pé tirẹ̀ ni. Nísinsìnyí tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́, wọ́n mú ẹlòmíràn wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ fetí sí ibí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mọ bí agogo wa ṣe ń ṣe. Tí ààwẹ̀ bá ku ọjọ́ díẹ̀, ìjọba á dá agogo padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ọjọ́ Sọ́ńdè, tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá sì kọjá, wọ́n á dá a padà síwájú. Fóònù yín mọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tuntun nínú yàrá tútù mọ̀ fúnra wọn. Hajja kò mọ̀. Hajja ti dàgbà, èdè rẹ̀ ti di ti àtijọ́, àfi kí ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ̀ lọ bá a, kó fọwọ́ ara rẹ̀ yí agogo inú rẹ̀. Lọ́dọọdún, Batoul ló ń ṣe é. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn máa ń wá ní Sọ́ńdè yẹn, á ṣe é, á lọ ilé.

Ẹ ní kí ló kan agogo Hajja? Ó kan gbogbo nǹkan. Nínú oṣù ààwẹ̀, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ tí gbogbo ọwọ́ wà nínú àwo, kò sí ẹni tó ń kọ nǹkankan sínú kọ̀ǹpútà. Wákàtí yẹn ni Hajja ń ṣe ẹ̀dà fáìlì. Tó bá sì ń ṣe é, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru amọ̀ gun òkè, ó sì ń fa àwọn ẹ̀rọ yòókù lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á fi lọ́ra gidigidi. Kí ojú ògiri má baà máa ké lórí ohun tí gbogbo ayé mọ̀, Ikram ti sọ fún un pé ìgbà tí Hajja bá ti bẹ̀rẹ̀, kó pa ẹnu mọ́, kó máa fi àwọ̀ ewé hàn títí Hajja á fi parí. Ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá yí agogo Hajja, wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù lókè, tí wọ́n ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, tí wọ́n ń pín oògùn. Ojú ògiri á sì dákẹ́ síbẹ̀ bí ọmọ tó jí nǹkan jẹ.

Ní Sọ́ńdè yẹn, Batoul wá, ó gbé ọwọ́ lé Hajja, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì lọ ilé.

Ní Mọ́ńdè, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ ohùn Ikram láti ẹ̀yìn ògiri.

"Lalla Batoul, ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó yẹ kí n mọ̀ nípa agogo tí wọ́n yí yìí?"

"Ògiri rẹ kò sọ fún ọ ni?"

"Ó ní gbogbo rẹ̀ dáa."

"Tí ògiri bá ti ní ó dáa, ta ni èmi?"

Ikram rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ pé. Láti ọ̀sán ni mo ti gbé ìkòkò ńlá kaná. Mo ń ro hàrírà, mo ń kọrin sí i, nítorí ọbẹ̀ tí a kò kọrin sí lọ́jọ́ ààwẹ̀ máa ń ní ìbínú nínú:

*Jó jẹ́jẹ́, iná mi, jó jẹ́jẹ́,*
*ẹnu ti gbẹ, oòrùn kò tíì wọ̀.*
*Ata, dákẹ́ síbẹ̀, ẹ̀wà, rọ̀ fún mi,*
*ará ilé gbogbo ń bọ̀, ń bọ̀.*

Ìgbà náà ni Batoul wọlé, ó ní òun fẹ́ bá mi to dàbínù sínú àwo. Batoul tí kò fọwọ́ kan ṣíbí mi rí láti ọdún mẹ́rìnlá. Ó jókòó kọjú sí agogo ara ògiri, ó ń to dàbínù ní mẹ́ta mẹ́ta, ojú rẹ̀ kò sí lára dàbínù.

Agogo lu márùn-ún ààbọ̀. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: Hajja bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ìró yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn ladani. Lọ́dọọdún, tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo ti ń gbé àwo jáde nìyẹn, nítorí ènìyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi ti kan àwo kí n tó wo agogo.

"Batoul, Hajja ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ó ṣì ku wákàtí kan."

"Ìyá Izza, ọbẹ̀ yín ń hó."

Tẹlifóònù dún ní yàrá kejì. A gbọ́ Ikram: "Rárá o, gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé níbí. Bóyá wáyà yín lókè ni." Ó gbé e sílẹ̀, ó tún dún. "Mò ń wò ó báyìí, kò sí nǹkankan tó ṣe ẹ̀rọ." Ó tún dún.

Mo wo Batoul. Ó fi etí ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni.

"Kí lo ṣe?" mo bi í.

"N kò ṣe nǹkankan."

"Batoul, mo ti kọ́ ọmọ méje lọ́rọ̀ sísọ, mo mọ ẹni tó ń purọ́. Kí lo ṣe fún Hajja?"

"Mo ní n kò ṣe nǹkankan. Ohun tí mo máa ń ṣe lọ́dọọdún ni n kò ṣe." Ó to dàbínù mẹ́ta sí i. "Àti pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ògiri rẹ̀ mọ gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ kó máa wo àwọ̀ ewé. Kó wò ó títí Si Lahoucine á fi sọ̀ kalẹ̀ wá bá a níbẹ̀."

"Àwọn tó dùbúlẹ̀ lókè ńkọ́?"

"Wákàtí kan ni. Wọ́n á dúró."

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n á dúró?"

Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí àwo. Mo rí i pé ó ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti Sọ́ńdè, ó ro ojú Ikram, ó ro ojú ọ̀gá, kò ro ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rárá. Ó ń rò ó nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ó ti há. Tó bá dìde lọ tún un ṣe, Ikram bọ́ nínú wàhálà, wọ́n á sì bi òun pé ìgbà wo lòun ti mọ̀. Tó bá jókòó, Ikram ṣubú, àga di tirẹ̀. Ó jókòó. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo fẹ́ lọ sọ fún Ikram fúnra mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí màá wí tó máa yé e.

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, Tamou já wọlé. Tamou ni nọ́ọ̀sì yàrá ìgbẹ̀bí, obìnrin tó sanra, tí kì í sáré. Lọ́jọ́ náà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ wà ní apá aṣọ rẹ̀.

"Ikram dà?" ó ní. "Ìyá Izza, Ikram dà? Obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Mo fẹ́ mọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ yìí ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, inú ẹ̀rọ ló wà, ẹ̀rọ náà ń yí, kò ṣí. Tí a bá tún un yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò pẹ́ jù. Ikram dà?"

Ó ń sọ̀rọ̀ yìí lé Batoul lórí. Ìborùn Batoul fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò rí i.

Ẹ gbọ́, n kò ní í sọ fún yín pé àánú ló gbé Batoul dìde. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Owú náà ni. Owú tó fi jókòó náà ló tún gbé e dìde. Ó nà ró gbọnrangandan, dàbínù fọ́n ká ilẹ̀.

"Ikram lò ń wá," ó ní. "Tamou, ìwọ tí mo dìde lóru ọjọ́ òjò tìtorí fáìlì rẹ. Ikram lò ń wá. Ta ló fún Hajja lóúnjẹ fún ọdún mẹ́rìnlá?"

"Lalla Batoul, n kò ráyè ìyẹn, obìnrin náà ń kú lọ."

"Èmi ni wàá máa tẹ̀ lé," Batoul wí, ó sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo tẹ̀ lé wọn, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi. Ikram dúró ní àárín yàrá tútù, ojú ògiri tàn bí oko àlìkámà lẹ́yìn òjò, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, omijé sì wà lójú ọmọ náà. Batoul kò wo ògiri. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Hajja, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó yára gbé e kúrò nítorí ó gbóná. Ó jókòó, ó tẹ nǹkan, ó dúró, ó tún tẹ nǹkan. Mímí Hajja rọlẹ̀, ó rọlẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣí i báyìí," ó sọ fún Tamou.

Tamou ṣí i lórí tábìlì Ikram. Fáìlì náà jáde wàràwàrà. Ó ka oríṣi ẹ̀jẹ̀ náà jáde sínú tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gun àtẹ̀gùn padà lọ, a ń gbọ́ bàtà rẹ̀ títí kò fi dún mọ́.

Ikram nu ojú. "Lalla Batoul, kí ló ṣẹlẹ̀? Ògiri kò sọ nǹkankan."

"Agogo rẹ̀ ni. Hajja kò mọ̀ pé wọ́n ti yí agogo. Ọwọ́ ni a fi ń yí i."

Ikram wò ó. Ó mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí Batoul ń ṣe bí ó ti ń yí agogo náà.

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí oòrùn wọ̀ nígbà tí ilé ìdáná mi kún. Dókítà, awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn, àwọn tó ń fọ aṣọ, gbogbo wọn jókòó yí tábìlì ká, ojú wọn wà lára ìkòkò. Tamou sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ti pààrọ̀ aṣọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ obìnrin náà lára, ó ti lajú, ó ti béèrè ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Si Lahoucine kò jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ti dé etí rẹ̀.

"Kí n tó sọ ohun tí mo wá sọ," ó ní, "mo fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe dákú ní wákàtí tí a nílò rẹ̀ jù, tí ojú ògiri tí mo ń mú àlejò wá wò sì ń rẹ́rìn-ín sí wa."

Ikram dìde. "Ẹ̀bi mi ni, ọ̀gá. Èmi ni mo ní kí ògiri dákẹ́ tí Hajja bá ń ṣiṣẹ́. Mo gbà pé gbogbo ẹ̀rọ ló mọ agogo fúnra wọn, n kò lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lalla Batoul ló gbà wá."

Àwọn ènìyàn ń mi orí, wọ́n ń wo ọmọ náà bí ìgbà tí wọ́n ń wo ẹni tó ṣe ohun tó dára. Mo rí i tí ẹnìkan ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́. Si Lahoucine yíjú sí Batoul, ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ sí i lójú. Àga ti wà nílẹ̀. Kó kàn jókòó ni.

Batoul ń wo ọwọ́ tó wà lẹ́yìn Ikram. Ó súnmọ́ mi, ó sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu, "Ẹ ò rí i bí? Àní ẹ̀bi náà, ó tún gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó dìde.

"Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́," ó ní. "Tèmi ni. Láti Sọ́ńdè ni mo ti mọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo sì gbé e kúrò. Ó bi mí ní Mọ́ńdè, n kò sọ fún un. Mo fẹ́ kó ṣubú lójú yín lónìí."

Ikram yíjú sí i. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Mo bi yín," ó ní. "Lalla Batoul, mo bi yín."

"O bi mí."

"Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Mo rí i."

Si Lahoucine fa àga, ó jókòó. "Tí obìnrin yẹn bá kú ńkọ́?"

Batoul fi etí ìborùn nu ojú. Ìgbà yẹn ni mo rí omi lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, kì í ṣe nítorí Ikram.

"Ikram ni olórí," ọ̀gá wí. Kò gbé ohùn sókè. "Lalla Batoul, lọ́la wàá jókòó tì í, wàá sọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ nípa àwọn ẹ̀rọ yẹn, nǹkankan kò ní í ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá lọ bá wọn to fáìlì àtijọ́ lókè títí ọdún ìtúnu á fi kọjá. Tí ọdún bá kọjá, kí o wá bá mi, a ó sọ̀rọ̀."

"Mo ti gbọ́," Batoul wí. Ó fẹ́ jáde.

Ibẹ̀ ni ohùn ladani ti wọlé láti ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń jáde ní ilé ìdáná mi lẹ́yìn ìpè láìjẹun, ọ̀gá tàbí ẹni tí ọ̀gá bá wí. Mo dí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìdí mi, ẹ sì rí i pé ìdí náà tó ilẹ̀kùn. Mo ní kó jókòó. Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo, ẹ̀gbẹ́ Ikram ni.

Ikram sún àwo dàbínù sí i láìwò ó. "Inú ń bí mi," ó ní. "Ó máa pẹ́ kó tó tán. Ẹ jẹun."

Wọ́n ṣínu. Mo bu hàrírà, mo bù ú kún, fún gbogbo ènìyàn láti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹyin sísè lọ yíká, ṣebakíyà, ìpápánu olóyin yẹn, lọ yíká, sàdínì díndín tẹ̀ lé e.

Àárín oúnjẹ ni ọkùnrin kan yọjú, amọ̀ gbígbẹ wà ní èékánná rẹ̀. Ọkọ obìnrin tó bímọ ni. Láti ibi iṣẹ́ ìkòkò rẹ̀ ló ti sáré gun òkè wá. Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gba ìyàwó òun là. Ojú rẹ̀ wá gbogbo tábìlì, ó bọ́ sórí Tamou, nítorí òun nìkan ló rí lókè. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó fi ẹnu kàn án lórí, ó ń sunkún, ó ń súre fún un àti fún àwọn òbí rẹ̀ títí dé ìran méje. Tamou ń sọ pé kì í ṣe òun nìkan, kò tilẹ̀ gbọ́. Ó súre tán, ó sọ pé ó dìgbà, ó sì padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwo hàrírà tí mo dì fún un.

Mo wo Batoul. Mo wo Ikram. Àwọn méjèèjì gbé ṣíbí dúró sáàrin afẹ́fẹ́, wọ́n tẹjú mọ́ Tamou, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò ó, ṣùtì ètè kan náà ni wọ́n yọ.

"Àtẹ̀gùn ló kàn gùn," Batoul wí lábẹ́ ẹnu.

"Ó kàn kà á sínú tẹlifóònù ni," Ikram wí.

Wọ́n wo ara wọn. Ikram ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rín in, ọbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀. Batoul gbá a lẹ́yìn kó lè mí. Tamou ní kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọn ò sọ fún un. Èmi bẹ̀rẹ̀ orin kan níbẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣófo gbè é:

*Ta ló yó? — Èmi yó.*
*Ta ló tún fẹ́? — Bù ú wá.*
*Ọmọ tuntun ń ké lókè, — ẹ jẹ́ kó ké,*
*ìyá rẹ̀ wà láàyè tó ń gbọ́ ọ.*

Ìkòkò ṣófo débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ kù fún gòkè padà. Àwọn yòókù wẹ ọwọ́, wọ́n mu tíì ní ife mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n di búrẹ́dì tó kù sínú ìborùn fún àwọn ará ilé, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àwọn amọ̀kòkò ní méjì méjì, inú wọn kún, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé. Kálukú dé ilé rẹ̀ ní yíyó.